Ẹ Má Bú Dẹ́rẹ́bà Mọ́, Ẹ Béèrè Owó Tíkẹ́ẹ̀tì

Gbogbo ìgbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ èrò bá yanṣẹ́ lódì, èébú ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. A ó ní wèrè ni wọ́n. A ó ní paraga ló ń gùn wọ́n. A ó ní wọn ò ro ti mẹ̀kúnnù mọ́ tiwọn. Lójú tèmi, èébú yẹn ń ṣìnà. Ẹni tí owó wa ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀ láìsí àlàyé kò jókòó sórí àga dẹ́rẹ́bà. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó na ọwọ́, kọ́ndọ́ fi nǹkan sí i, ọkọ̀ sì lọ. Àwa tá a jókòó sẹ́yìn ń wo fóònù wa, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2022. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ àwọn dẹ́rẹ́bà kan ní Èkó, Joint Drivers' Welfare Association of Nigeria, ìyẹn JDWAN, ní àwọn ò ní gbé èrò fún ọjọ́ méje gbáko. Kì í ṣe gbogbo dẹ́rẹ́bà ló jẹ́ ìpè náà, àmọ́ àwọn tó jẹ́ ẹ pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi rìn lójú ọ̀nà Badagry àti lójú ọ̀nà LASU sí Ìyànà-Ìpájà. Kí ló dé? Wọ́n ní owó tí àwọn tó ń darí gáréèjì ń gbà lọ́wọ́ àwọn ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí àwọn ń pa lóòjọ́. Wọ́n ń gbà á láàárọ̀, wọ́n ń gbà á lọ́sàn-án, ibùdókọ̀ tuntun, owó tuntun.

Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, ìjọba Èkó ti kéde pé 800 náírà ni ọkọ̀ èrò kọ̀ọ̀kan á máa san lóòjọ́, tí ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ á jọ pín in. Owó kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ó parí. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí lójú títì ni, kí ni ìbá gbé dẹ́rẹ́bà dé ibi ìyanṣẹ́lódì kí ọdún tó parí? Láàárín kan, ẹgbẹ́ NURTW fọ́ ní Èkó, ìjọba gbé ìdarí gáréèjì lé ìgbìmọ̀ tuntun lọ́wọ́. Orúkọ yí padà. Ọwọ́ tó ń nà sí fèrèsé ṣì wà níbi tó wà.

Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọwọ́ kékeré. Ní 2021, àwọn oníròyìn ICIR ṣe ìṣirò pé owó tí NURTW ń rí gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ ní Èkó lọ́dún kan lé ní bílíọ̀nù 120 náírà. Ìṣirò ni o. Ẹni tó bá ní iye tó péye lọ́wọ́, kó gbé e jáde ká rí i. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn: kò sẹ́ni tó gbé e jáde.

Ta ló wá ń san owó yìí? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa. Ẹ fi dánfó tó ń gbé èrò 14 ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó na ọ̀nà ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́, èrò 112 nìyẹn. Ká ní gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ibùdókọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ 5,600 náírà. Ẹ pín in, 50 náírà ló dé orí èrò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ méjì lọ, tó wọ méjì bọ̀, ti san 200 náírà lọ́jọ́ kan. Tó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 4,800 náírà ni láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní 2022, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ 30,000 náírà. Ẹ wò ó bóyá owó kékeré ni. Àpẹẹrẹ lásán ni mo ṣe, ẹ fi iye tí ẹ mọ̀ ní ọ̀nà tiyín rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé dẹ́rẹ́bà kàn ń bá wọn gba owó náà ni. Owó orí ni, àwa la sì ń san án. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá wò ó láti Ìjù. Kì í ṣe Ìjù ti Ìṣàgá ní Èkó o. Ìjù ti Ọ̀tà ni mò ń sọ, lójú ọ̀nà Ìdírókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ilẹ̀ iléeṣẹ́ ni gbogbo agbègbè yẹn, láti Sáńgò dé Àtàn títí lọ dé Àgbárá. Ẹni tó ń gbé Ìjù tó fẹ́ lọ sí Ọ̀ṣọ́dì á wọ kórópe dé Sáńgò, á wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, á gba Tóògéètì bọ́ sí Alákukọ, á kọjá Abúlé-Ẹ̀gbá àti Ìyànà-Ìpájà. Ìrìn àjò kan, ìpínlẹ̀ méjì. Ó ti lé lógún ọdún tí ìjọba àpapọ̀ ti wó tóògéètì yẹn dànù, orúkọ ló kù. Síbẹ̀ dẹ́rẹ́bà ṣì ń san owó ibodè: á gba tíkẹ́ẹ̀tì ní apá Ògùn, á tún gba òmíràn ní apá Èkó. Ara owó ọkọ̀ ẹni Ìjù ni méjèèjì wà. Bẹ́ẹ̀, Ògùn ló ti ń dìbò. Kò sí káńsílọ̀ kankan ní Èkó tó lè dá dúró pé, ọ̀gá, kí lẹ fi owó mi ṣe?

Ìdí nìyí tí ìyanṣẹ́lódì Èkó fi ń di ìyà Ògùn. Bí dánfó bá dúró ní Ìyànà-Ìpájà, ọkọ̀ tó yẹ kó padà sí Sáńgò wá kó èrò kò ní dé. Èrò á kún Sáńgò. Ìwọ̀nba ọkọ̀ tó kù á gbé owó lé e. Ọlọ́kadà náà á gbé tiẹ̀ lé e. Géètì iléeṣẹ́ ò sì mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì wà: bí ṣíìfù bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà gidi lè pẹ́ kó sì bẹ ọ̀gá. Èyí tí wọ́n ń sanwó ọjọ́ fún kò ní ẹnu ẹ̀bẹ̀. Tí kò bá ti wọlé, kò lówó lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn sì ti wà lẹ́nu géètì tó ń dúró de ipò rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣeé fara dà. Bó bá di ọjọ́ kẹta, gbèsè oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníràwọ́sì òpópónà. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ìyá yẹn gan-an ò lówó tó máa fi lọ ra ọjà mọ́.

Ẹ ronú kan aláta tó ti ra tòmátò apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀. Tòmátò kì í dúró de ìpàdé. Ẹ ronú kan olùkọ́ tó ń gbé Sáńgò tí ọmọléèwé rẹ̀ wà ní Ìjù, àti aboyún tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà ní ọsibítù ìjọba ní Ọ̀tà. Àwa tá a lè jókòó sílé ká fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ la máa ń pariwo jù lórí Twitter nígbà ìyanṣẹ́lódì, ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni ó ń bá jà.

Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé, bó bá jẹ́ mẹ̀kúnnù ni ìyà ń jẹ, kí ló dé tí mo ń gbèjà àwọn tó fa ìyà náà? Àti pé dẹ́rẹ́bà wo gan-an? Àwọn tí òjò á ṣú, tí wọ́n á sọ 300 di 600? Àwọn tó ń gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn, tí wọ́n ń já èrò sílẹ̀ lójú títì? Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Àmọ́ ẹ sọ ibòmíràn tí dẹ́rẹ́bà lè gbé ẹjọ́ owó gáréèjì lọ fún mi. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́? Ẹgbẹ́ ló ń gba owó náà. Ọlọ́pàá? Ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ìjọba? Ìjọba ń pín níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn bá tì, ojú títì ló kù, a sì ti rí bó ṣe ń rí níbi tí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́. Ní Cape Town, lóṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ èrò SANTACO dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ torí pé ìjọba ìlú ń gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ wọn. Ẹ̀mí márùn-ún ló lọ sí i. Àwọn ará Khayelitsha, tí ilé wọn jìn sí ibi iṣẹ́, ni ìyà rẹ̀ jẹ jù, bí yóò ṣe jẹ àwọn ará Ìjù bó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyanṣẹ́lódì, kó bá wa wá ibi tí wọ́n á ti gbọ́ ẹjọ́ kó tó di ìyanṣẹ́lódì.

Iṣẹ́ kóòdù ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́: áàpù kọ́ ni oògùn ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi kan á ti máa yàwòrán rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, QR code lára fèrèsé dánfó, owó á lọ tààrà, àgbèrò á para dà. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ní 2013, Google àti Equity Bank gbé káàdì kan tó ń jẹ́ BebaPay jáde fún àwọn mátátù ní Nairobi. Google ni o, kì í ṣe ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó fi di 2015, wọ́n ti pa á tì. Owó ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ mátátù fi ń san gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà, títí kan rìbá, káàdì ò sì lè san rìbá. Owó tí àwọn kan ò fẹ́ kó hàn, áàpù tó máa fi í hàn ni wọ́n á kọ́kọ́ pa. Ká kọ́kọ́ fi òfin mú kó hàn, lẹ́yìn náà ẹni tó bá fẹ́ kọ áàpù lè kọ ọ́.

Ẹ wo bọ́rọ̀ epo ṣe rí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí kò tó 200 náírà ní jálá fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ gun òkè, a bínú, àmọ́ a mọ ohun tó gbé e gùn, torí pé iye epo wà lára pátákó níwájú ilé epo. Kí ló dé tí iye tíkẹ́ẹ̀tì ò sí lára pátákó kankan ní gáréèjì Sáńgò?

Ohun tá a gbọ́dọ̀ béèrè ò pọ̀. Ìkíní, pátákó ní gbogbo gáréèjì, láti Ìjù dé Ọ̀ṣọ́dì: iye tí ọkọ̀ ń san, ẹni tó ń gbà á, òfin tó fún un láṣẹ. Ìkejì, kí ìjọba Ògùn àti ìjọba Èkó jókòó pọ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lóòjọ́ tó fún ọkọ̀ tó ń kọjá Tóògéètì. Ìkẹta, kí ìjọba ìbílẹ̀ máa kéde iye tó wọlé lóṣooṣù àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìkẹrin, kí èrò náà ní aṣojú níbi tí wọ́n bá ti ń dunádùrá, torí pé owó wa ni wọ́n ń pín.

Bó bá sì jọ pé a ò lágbára tá a lè fi béèrè, a ní. Òfin Freedom of Information ti wà láti 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba láti béèrè ìwé ìṣirò, kò ní sọ ìdí tó fi ń béèrè, ọjọ́ méje ni òfin sì fún wọn láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń ní òfin náà ò kan àwọn. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní irọ́ ni, ó kàn wọ́n.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí dánfó bá dúró tí inú bá ń bí ẹ, fi ìbínú náà kọ lẹ́tà. Kọ ọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kọ ọ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìrìnnà ní Abẹ́òkúta àti ti Aláúsá: ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ gbà ní gáréèjì lóṣù tó kọjá, kí lẹ sì fi ṣe? Ka ọjọ́ méje. Tí wọn ò bá dáhùn, gbé lẹ́tà náà síta, kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bú.