Ẹ̀sùn Owó Wàrà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jókòó bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dájọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ni mo pè lẹ́jọ́, lórí owó ìrànwọ́ tó ná sórí àwọn àgbẹ̀ wàrà láti 1977 títí dé 1987. Mo ní ó mọ̀ọ́mọ̀ fowó ra ìṣòro, ó sì ń kó owó mìíràn jọ láti fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní. Ní 1977, nígbà ìjọba Jimmy Carter, òfin gbé iye owó tí ìjọba fọwọ́ sí fún wàrà sókè. Èyí tí ọjà kò bá gbà, dandan ni kí ìjọba rà á, ní wàràkàsì, ní bọ́tà, ní wàrà oníyẹ̀fun. Kò sí òdiwọ̀n. Àgbẹ̀ tó ní màlúù 40 tètè mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ di 60, ẹnì kan wà tí kò lè kọ ọjà òun. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni yóò mu ún. Wọ́n ṣí àpò owó ìlú sílẹ̀ láìdí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì. Wàràkàsì kún ilé ìkẹ́rùsí títí wọ́n fi ń kó o sínú ihò òkúta lábẹ́ ilẹ̀ ní Missouri. Ní oṣù Kejìlá 1981, Ààrẹ Ronald Reagan fúnra rẹ̀ kéde iye tó wà lọ́wọ́ ìjọba: ó lé ní mílíọ̀nù 250 kìlógíráàmù. Èyí tó ti bu wà nínú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gé owó oúnjẹ àwọn aláìní kù. Owó orí ni wọ́n fi rà á, owó orí ni wọ́n fi pa á mọ́ síbi tó ti ń bu.

Ẹ̀sùn kẹta kò gùn. Láti oṣù Kìíní 1984, fún oṣù 15, wọ́n san dọ́là 10 lórí ìwọ̀n kìlógíráàmù 45 wàrà tí àgbẹ̀ bá fi dín ohun tó ń fún kù. Owó fún fífún, owó fún àìfún.

Ẹ̀sùn kẹrin ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nínú òfin 1985, ìjọba ní òun yóò sanwó agbo màlúù lódindi: kí àgbẹ̀ kó gbogbo wọn lọ pa tàbí kó tà wọ́n sókè òkun, kó sì jìnnà sí iṣẹ́ wàrà fún ọdún márùn-ún. Nǹkan bí àgbẹ̀ 14,000 ló wọlé, pẹ̀lú màlúù tó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, àti ìyá àti ọmọ. Kí wọ́n má baà wọ agbo ẹlòmíràn, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn pàṣẹ pé kí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ àmì X sí wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màlúù tó mọ ohùn olówó rẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá fún fífún láàárọ̀ àti lálẹ́, ni wọ́n de lórí mọ́lẹ̀, tí irun ojú rẹ̀ ń jó, tí èéfín awọ rẹ̀ ń wọ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà nímú. Irin tútù wà nígbà náà, tí kì í jó ẹran bẹ́ẹ̀. Wọn kò mú un. Àwọn tó ń gbèjà ẹranko ní ìlú Rochester pe ìjọba lẹ́jọ́, Adájọ́ Michael Telesca sì dá irin gbígbóná náà dúró ní oṣù Kẹrin 1986. Inú ìwé òfin ni àṣìṣe náà wà. Ojú màlúù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Ẹ̀sùn karùn-ún. Ètò ríra agbo màlúù náà jẹ nǹkan bí bílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Àgbẹ̀ tó lé ní 100 ló gba ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Láti rí lára owó náà, wọ́n yọ sẹ́ǹtì 40 lórí kìlógíráàmù 45 lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ń fún wàrà, títí kan ẹni tí màlúù rẹ̀ kò ju ogún lọ. Àwọn tó ń sin màlúù fún ẹran, tí ọ̀rọ̀ náà kò kan rárá, rí i tí iye owó màlúù wọn já wálẹ̀ lọ́jà ní kété tí ìkéde jáde. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ ní Texas. Ẹni tó lọ gbowó, ẹni tó dúró san án.

Ẹ̀sùn kẹfà. Òfin náà kò dí ẹnikẹ́ni tó kù lọ́wọ́ láti fi màlúù kún agbo rẹ̀. Wọ́n fi kún un. Ní 1988, wàrà tí wọ́n fún ní Amẹ́ríkà ti ju ti 1986 lọ.