Gìrì Aboyún Kì í Ṣe Iṣẹ́ Àlùjọ̀nnú



Gbogbo wa ni a máa ń ṣe àdúà fún aboyún pé kí Ọlọ́hun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pẹ̀lú pé kí á máa wá ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: bí gìrì bá gbé aboyún ní Òmùpo tàbí ní ìlú Ìgbómìnà mìíràn, ibo ni a kọ́kọ́ ń sáré lọ? Àwọn kan a ní àlùjọ̀nnú ni, wọn a sì máa wá hàntú àti tírà kiri. Kí wọn tó gbé e dé ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń fa gìrì yìí. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ aboyún lè bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Bí ẹ̀rọ tí àwọn agbẹ̀bí ń dè mọ́ apá bá fi 140 lórí 90 hàn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé-ìwòsàn. Obìnrin náà lè máa lọ sí ọjà láìmọ ohunkóhun lára. Nígbà tí ó bá le tán ni orí yóò máa fọ́ ọ kíkankíkan, tí ojú rẹ̀ yóò máa ríran bàìbàì, tí òkè ikùn yóò máa ro ó. Àìsàn yìí lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ìyá jẹ́, ó sì lè pa á. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó láti inú ibi-ọmọ. A lè bí i láìpé oṣù, ó sì lè kú sínú. Gìrì náà lè dé lẹ́yìn ìbímọ pẹ̀lú.

Oògùn rẹ̀ wà: abẹ́rẹ́ magnesium sulphate, tí kò wọ́n. Ní 2002, ìwádìí láàárín àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé ó ń dín gìrì kù ní ìdajì. Nígbà tí a mú un wọ ilé-ìwòsàn 10 ní ìpínlẹ̀ Kano ní 2008, iye àwọn tí àìsàn náà ń pa já wálẹ̀ láti nǹkan bí 21 nínú 100 sí 2. Àlùjọ̀nnú kì í gbọ́ ti abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ọkọ, àmánà Ọlọ́hun ni aya yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúró de àìsàn kí ó tó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ ti yọ̀ǹda fún un ṣáájú, kí ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́, kí ó má baà jẹ́ pé àṣẹ yín ni a ń retí nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ ẹni tí ó ní mọ́tò ní àdúgbò yín. Bí gìrì bá dé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo fún un. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Kí Ọlọ́hun sọ gbogbo aboyún wa kalẹ̀ tibi-tire. Àmín.