Ọkọ̀ Èkó Tí Ó Di Ará Akra

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọkọ̀: nọ́ńbà ara rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ó sì yẹ kí orúkọ náà bá ilé tí ó ń gbé mu. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi ọkọ̀ onínọ́ńbà Èkó ṣòwò ní ìlú Akra, ẹ̀yin ni a ń bá wí.

Àdéhùn tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1979 kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ti ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù kò ju 15 ọjọ́ lọ. Àlejò ni àdéhùn yìí wà fún. Ẹni tí ó ti gba ilé, tí ó ti fi ọmọ sí ilé-ìwé, kì í ṣe àlejò mọ́. Ó di dandan kí ó san owó ibodè, kí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní DVLA, kí ó sì gba nọ́ńbà Ghánà.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ta ni yóò bi mí léèrè?" Kí wọn lọ bi àwọn àgbà Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù November ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí ọjà fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Àìní ìwé ni a fi lé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwa nìkan. Ọkọ̀ tí a ti san owó ibodè lé lórí ní Àpápá, èéṣe tí a óò tún san òmíràn ní Aflao, bí ẹni pé òkè òkun ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Bí àwọn ìjọba wa bá ń pe ara wọn ní ọmọ ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ni ó yẹ kí a gba owó lórí ọkọ̀ kan.

Àwa ń bẹ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wa ní Àbújá pé kí wọn gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde. Títí di ọjọ́ náà, ẹ̀yin ará Akra, ẹ pa òfin ìlú tí ẹ wà mọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni ó lè fi gbogbo ẹnu bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.