Ọ̀lẹ Kọ́ Ló Pa Iṣẹ́ Run ní Gíríìsì

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn èèyàn, láti Berlin títí dé Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn ará Gíríìsì kò fẹ́ràn iṣẹ́. Wọ́n ní etí òkun ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ń mu ọtí, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, ìjọba ń fún wọn lówó jẹun, nígbà tí owó sì tán, iṣẹ́ náà tán nílẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ á tún máa mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Irọ́ ni. Mi ò sì ní torí pé àwọn ẹni ńlá ló ń sọ ọ́ kí n máa fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́.

Àwọn ẹni ńlá ló ń sọ ọ́ lóòótọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, Angela Merkel, tó jẹ́ olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, dúró níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó ní kò yẹ kí àwọn ará Gíríìsì, Sípéènì àti Pọ́túgà máa fẹ̀yìn tì ṣáájú àwọn ará Jámánì, kò sì yẹ kí àwọn kan máa gba ìsinmi rẹpẹtẹ kí àwọn yòókù máa gba bíńtín. Ní 2017, Jeroen Dijsselbloem, mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Netherlands, tó tún jẹ́ alága àwọn mínísítà ilẹ̀ tó ń ná owó yúrò, sọ fún ìwé ìròyìn Jámánì kan pé èèyàn kò lè ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ọtí àti obìnrin, kó tún wá máa tọrọ ìrànwọ́. Gbogbo ìhà gúúsù Yúróòpù ló mọ ẹni tó ń bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn gbè é, ẹ rántí oṣù Kẹrin ọdún 2018. London ni Ààrẹ Muhammadu Buhari wà tó ti ń sọ nípa àwọn ọ̀dọ́ wa pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò lọ sílé-ìwé, tí wọ́n kàn fẹ́ jókòó kí ìjọba fún wọn ní ilé, ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Inú bí gbogbo wa. Télọ̀ bínú, ọlọ́kadà bínú, ọmọ tó ti gboyè jáde láti ọdún márùn-ún bínú. Ohun tó dùn wá nígbà tí wọ́n sọ ọ́ sí wa ni a wá ń sọ sí ẹlòmíràn lẹ́nu yọ̀bọ́kẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Àjọ OECD máa ń ka iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dún. Ní àwọn ọdún tí èébú náà gbóná jù, òṣìṣẹ́ Gíríìsì ń ṣe ju 2,000 wákàtí lọ lọ́dún. Ti Jámánì jẹ́ bíi 1,400. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀pọ̀ ará Gíríìsì ló ń ṣe òwò ara wọn, àti pé ọ̀pọ̀ ará Jámánì ló ń ṣe iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Òótọ́ ni. Wákàtí kò sì sọ bí iṣẹ́ ṣe ń mówó wọlé tó; ẹni tó ní ẹ̀rọ tó dára á ṣe ju ẹni tí kò ní lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ la ní a ń sọ. Ọ̀lẹ wo ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù tó ń tì í lóru?

Ní 2008, àwọn tí kò ríṣẹ́ ní Gíríìsì kò tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń wáṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ní 2013, wọ́n ti ju ìdá 27 lọ. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àwọn tó súnmọ́ mílíọ̀nù kan ló kún iye aláìríṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún péré. Àwọn èèyàn yẹn kan náà ni, oòrùn yẹn kan náà ni, òkun yẹn kò ṣípò. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló fà á, kó sọ fún wa ibi tí ọ̀lẹ náà sá pamọ́ sí ní 2008.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Gíríìsì wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ná yúrò ní 2001. Kó tó dìgbà náà, èlé orí owó tí ìjọba wọn bá yá máa ń ga, torí àwọn ayánilówó kò fọkàn tán owó dírákímà. Bí wọ́n ṣe wọlé, èlé já wálẹ̀, báǹkì Jámánì àti ti Faransé ń yá wọn lówó bí ẹni pé Jámánì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yá. Ìjọba yá, ó ná, ó tún yá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, George Papandreou wọlé ìdìbò, ìjọba rẹ̀ sì tú àṣírí pé gbèsè ọdún náà pọ̀ fíìfíì ju ohun tí àwọn tó ṣáájú wọn kéde lọ. Nígbà tí wọ́n wá ṣírò rẹ̀ délẹ̀, owó tí ìjọba ná kọjá èyí tó wọlé ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà pèsè lọ́dún yẹn. Àwọn ayánilówó pa ilẹ̀kùn dé.

Orílẹ̀-èdè tó ní owó tirẹ̀ á já owó náà wálẹ̀. Ó máa ń dun ará ìlú, àwa tó ń ná náírà mọ bó ṣe ń dùn wá, ṣùgbọ́n ọjà wọn á dínwó lójú àlejò, ilé ìtura á kún, iléeṣẹ́ á rí ọjà tà. Gíríìsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, torí Frankfurt, ní báǹkì àpapọ̀ Yúróòpù, ni kọ́kọ́rọ́ owó náà wà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2010, Papandreou dúró ní erékùṣù kékeré Kastellorizo, ó kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ń wá ìrànwọ́. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ìjọba tó ń ná yúrò àti àjọ IMF fọwọ́ sí bílíọ̀nù 110 yúrò. Ìtọrọ kejì dé ní 2012, ìkẹta ní 2015.

Owó yẹn kọ́ ló lọ sí etí òkun. Ní 2016, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ESMT ní Berlin, Jámánì gan-an o, tọ bílíọ̀nù 215.9 yúrò tó jáde nínú ìyáwó méjì àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun tó dé inú àpò ìjọba Gíríìsì fún ìnáwó kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù ni wọ́n fi san gbèsè àtijọ́ àti èlé rẹ̀, tí wọ́n sì fi ti báǹkì lẹ́yìn.

Àdéhùn tó bá a rìn ni ẹ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kú. Láàárín oṣù díẹ̀ ní 2010, owó-orí orí ọjà fò láti ìdá 19 sí 23. Wọ́n gé owó-oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n gé owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n tún padà gé e. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, owó-oṣù tó kéré jù já láti 751 yúrò sí 586. Ti ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25 já ju ìyẹn lọ. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sórí èèyàn kan náà.

Àwọn ará Ọ̀ṣun mọ ohun tí mò ń sọ ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ní 2015, tí ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó-oṣù fún oṣù mélòó kan, tó wá ń san owó-oṣù ààbọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ebi pa. Olóúnjẹ tó ń tà nítòsí sẹkitéríàtì rí i pé ìkòkò òun kì í tán mọ́. Télọ̀ kò rí aṣọ rán. Ọlọ́kadà ń yípo, kò rí èrò. Ta ló máa pe olóúnjẹ yẹn ní ọ̀lẹ? Ó jí, ó dáná, ó gbé oúnjẹ dé ibi tó yẹ. Ẹni tó máa rà á ni kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí ní Gíríìsì nìyẹn, àfi pé tiwọn ká gbogbo orílẹ̀-èdè, oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n sì tó bọ́ lábẹ́ àdéhùn náà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa àwọn agbálẹ̀ kan. Obìnrin ni wọ́n, 595, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń nu tábìlì ní ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó àti àwọn ọ́fíìsì owó-orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni ìjọba ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ kọngílá. Wọn ò lọ. Wọ́n pàgọ́ síwájú ilé iṣẹ́ náà láàárín ìlú Athens fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà pupa tí wọ́n fi ń fọ ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, ìbọ̀wọ́ náà sì di àmì tí gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n mọ́. Ọlọ́pàá tì wọ́n, wọ́n padà wá. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2015, wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lọ fi ẹjọ́ ọ̀lẹ sùn níwájú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa fi ìbọ̀wọ́ náà ṣe fún yín.

Bí ẹ kò bá sì gba tèmi, ẹ gba ti ayánilówó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, IMF gbé ìwádìí jáde lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí àdéhùn 2010, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àìríṣẹ́ṣe á dé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2012. Ìdá 25 ló dé. Wọ́n ṣírò pé ọrọ̀ ajé á fi ìdá 5.5 dínkù láti 2009 sí 2012. Ìdá 17 ló fi dínkù. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2013 náà, Olivier Blanchard, àgbà onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé wọn nígbà náà, àti Daniel Leigh ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpalára tí gígé ìnáwó ń ṣe ju ohun tí àwọn oníṣirò rò lọ. Ẹni tó di ọ̀bẹ mú ló jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ ni ẹ ń wá ẹ̀rí àìmọwọ́mẹsẹ̀ fún un.

Ṣé àwọn ará Gíríìsì kò jẹ̀bi ohunkóhun ni? Wọ́n jẹ̀bi. Àwọn olóṣèlú wọn purọ́ nídìí ìṣirò, wọ́n ń fi iṣẹ́ ìjọba ta ọmọ ẹgbẹ́ lọ́rẹ, ọ̀pọ̀ olówó kò sì san owó-orí tó yẹ. Ṣùgbọ́n akátá la kọ́kọ́ ń lé jìnnà ká tó padà bá adìẹ wí. Gbogbo ìwà yẹn wà ní 2008, iṣẹ́ sì wà. Ó sọ fún wa bí gbèsè ṣe dé, kò sọ bí iṣẹ́ ṣe ṣòfò bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ sì wo Sípéènì: ní 2007, gbèsè ìjọba wọn kò tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń pèsè lọ́dún, ó kéré sí ti Jámánì dáadáa, owó tó ń wọlé fún ìjọba sì ju èyí tó ń ná lọ. Síbẹ̀ àìríṣẹ́ṣe wọn dé bíi ìdá 26 ní 2013.

Ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ní ó ń bà wọ́n jẹ́ ńkọ́? Láti 2012 títí di 2018, 360 yúrò lóṣù ni aláìríṣẹ́ ń gbà, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn kò rí nǹkan kan gbà mọ́. Títí di 2017, Gíríìsì kò ní ètò ìrànwọ́ tó kárí ìlú fún ẹni tí kò ní ohunkóhun. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá àgbà ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jẹ, òun náà sì ni wọ́n ń gé. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́ tún ń pàdánù ìtọ́jú ìlera nígbà náà, títí àwọn dókítà olùyọ̀ǹda fi dá ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Elliniko, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú àtijọ́.

Àwọn kan tún ní tí owó-oṣù bá já wálẹ̀, agbanisíṣẹ́ á gba èèyàn sí i. Wọ́n já a wálẹ̀ ní 2012, ọdún tó tẹ̀lé e sì burú jù ú lọ. Ní 2019, ìjọba gbé e sókè sí 650 yúrò, wọ́n fòpin sí ti ọ̀dọ́ tó kéré sí ti àgbà. Àìríṣẹ́ṣe ń lọ sílẹ̀ síbẹ̀. Ní 2025, owó-oṣù náà ti di 880 yúrò, àìríṣẹ́ṣe sì ti bọ́ sí nǹkan bí ìdá 9.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní àlejò ló gbaṣẹ́ wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Àwọn ará Albania àti àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1990 síwájú, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà. Irọ́ yìí ló gbé ẹgbẹ́ òṣèlú Golden Dawn, tó kórìíra àlejò, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2012. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2020 pé ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni. Nígbà tí wọ́n ń pariwo yẹn, ọmọ wa kan, ọmọ àwọn ará Nàìjíríà, wà ní Sepolia ní Athens, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kiri jígí ojú àti aago lójú pópó kí ilé lè jẹun. Giannis Antetokounmpo ni. Athens ni wọ́n bí i sí ní 1994, ṣùgbọ́n 2013 ni wọ́n tó fún un ní ìwé ọmọ ìlú, kó tó lọ gbá bọ́ọ́lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ta ni ọmọ tó ń kiri gbà?

Àwọn tó kó ẹrù wọn kúrò ní Gíríìsì láàárín ọdún ìṣòro náà ju 400,000 lọ. Dókítà wà nínú wọn, ẹnjiníà wà nínú wọn, Jámánì tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ sì gba púpọ̀ nínú wọn síṣẹ́. Ìlú wá ṣófo débi pé ìjọba ní òṣìṣẹ́ kò tó mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gíríìsì, ó fún àwọn iléeṣẹ́ kan láyè láti mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀.