Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Orúkọ Tó Ń Ṣe Ìṣirò

Bí mo bá ní kí ẹ ka 1,000,000 fún mi ní èdè wa, ó dá mi lójú pé "mílíọ̀nù kan" ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú yín. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Kò sí èdè tí kì í yá ọ̀rọ̀ lò. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, àádọ́ta ọ̀kẹ́, ń ṣe iṣẹ́ kan tí "mílíọ̀nù" kò lè ṣe: ó ń sọ bí inú òǹkà náà ṣe rí.

Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan (20,000), ẹ̀kún àpò kan. Nítorí náà, ẹni tó bá pe àádọ́ta ọ̀kẹ́ ti fi 50 sọ 20,000 di púpọ̀ kí ó tó pa ẹnu dé.

Ẹ jẹ́ kí a tú u títí dé ìdí. 2 àti 5 nìkan ni a ó bá níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mẹfà:

2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 5 × 5 × 5 × 5 × 5 × 5

Ìdí nìyí tí ó fi ṣeé pín geere fún ènìyàn 64. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in fún ènìyàn 3, 7, 9, 11 tàbí 13, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò ṣẹ́kù nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gbogbo wọn ló pín 999,999 láìṣẹ́kù.

Òǹkà 49 ló lè pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn: 50 pẹ̀lú 20,000, 40 pẹ̀lú 25,000. Ẹgbẹ̀rún nìkan ni kò ní ẹnìkejì àfi ara rẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹgbẹ̀rún náà ẹ̀wẹ̀, igba márùn-ún ni; orúkọ rẹ̀ kò fi pamọ́.

Àwọn kan yóò ní òǹkà Yorùbá gùn jù, pé ẹni tó bá fẹ́ pe 999,999 yóò rẹ̀ kí ó tó parí. Òótọ́ ni. N kò ní kí a kó fígọ̀ dànù. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń jẹ́ kí ọmọ wa gbà pé ẹ̀kọ́ àjòjì ni ìṣirò, nígbà tí òǹkà ilé rẹ̀ kún fún ìsọdipúpọ̀ àti àyọkúrò. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá ni.

Kí olùkọ́ kọ 1,000,000 sójú pátákó, kí ó kọ "àádọ́ta ọ̀kẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ tú u. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àpò náà kò ní gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀.