Ẹ Yéé Pa Ìyá Rẹ́ Nínú Àtẹ Ìdílé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kó ìtàn ìdílé sínú kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àṣekágbá, ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn létí, àmọ́ a ó sọ ọ́.

Àwa náà ti jẹ̀bi rí. Àtẹ tí a kọ́kọ́ yà ní òpó fún ọmọ, òpó fún bàbá, òpó fún bàbá bàbá. Nígbà tí bàbá àgbà kan ka àwọn baba ńlá rẹ̀ dé ìran keje, òpó tán. Ṣé ká wá ní kó dákẹ́ nítorí àtẹ wa ni?

Ohun tó yẹ kò le: ẹnì kan, ìlà kan. Fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí o sì kọ nọ́ńbà òbí rẹ̀ sí ìlà rẹ̀. Bí o bá ń wá gbogbo àtọmọdọ́mọ ẹnì kan, lo WITH RECURSIVE: á mú àwọn ọmọ, á fi ọmọ wá ọmọ-ọmọ, títí kò fi ní rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti wà nínú ìlànà SQL láti 1999. PostgreSQL ní in láti 2009, SQLite láti 2014, MySQL láti 2018. Àwáwí wo ló kù?

Àwọn kan ní nested set ló yá jù láti kà. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí a bá bí ọmọ kan ṣoṣo, nọ́ńbà ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ yí padà. Agbo ilé wo ni kì í bímọ? Òbí kan ṣoṣo ló sì gbà fún ọmọ.

Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn wá jù. Òpó "bàbá" nìkan la máa ń yà. Ìyá dà? Bí a bá pín ogún ní ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé la fi ń pín in. Orí-ò-jorí ló ń tẹ̀ lé iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà gbà ní 1958 pé ìdí-igi jẹ́ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Àtẹ tí kò mọ ìyá ò lè pín ogún yẹn. Kò tilẹ̀ lè ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló pa ìyá rẹ́, àwa tí a ya àtẹ ni. Òpó kan péré ló kù ká fi kún un. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé kí ẹ tó ya àtẹ.