Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ó ti di àṣà láàrin wa pé ẹni tí kò fojú ba oorun nígbà ìdánwò ni a ń pè ní akíkanjú. Èrò tèmi ni pé àìsùn kì í sọ ènìyàn di ọ̀mọ̀wé. Orí tí a fẹ́ fi kàwé gan-an ni ó ń bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ń pè ní “brain fag”. Orí wọn a máa gbóná, ojú wọn a máa ṣe bàìbàì, wọn a kàwé títí, kò ní wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àìsàn aláwọ̀ dúdú ni. Ṣáájú ọdún 1900 ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ yìí kan náà pe àárẹ̀ ọpọlọ tiwọn.

Kí ni a fi ń lé oorun? Obì ni, tàbí kọfí. Èròjà kaféènì tí ó wà nínú wọn a máa lò tó wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Bí o bá jẹ obì ní agogo 10 alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì ń bá ọ jà ní agogo 3 òru. Bẹ́ẹ̀, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sí ààyè rẹ̀. Ẹni tí ó kàwé tí kò sùn ń pọn omi sínú agbè tí ó jò ni. Wákàtí 7 sí 9 ni àwọn onímọ̀ ní ó yẹ kí ọ̀dọ́ máa sùn lóru.

Àwa tí a ń gbé Ìpọ̀nrí mọ̀ pé kò rọrùn. A ó wọkọ̀ dé Yábàá, a ó tún wọ òmíràn dé Akọkà. Bí a bá sì délé lálẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á máa kàwé ní ilé ìkàwé lójú ọ̀sán, díẹ̀díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kó gbogbo iṣẹ́ jọ sí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Bí ó bá sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má bò ó mọ́ra. A máa ń fi “Yaba Left” bú ara wa nítorí ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó ti wà ní Yábàá láti ọdún 1907. Yẹ̀yẹ́ ni lójú wa, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná lè lanu sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rẹ́ ni kí a kọ́kọ́ sọ fún, lẹ́yìn náà olùkọ́, lẹ́yìn náà dókítà. Ìwé tí a kò kà tán lónìí ṣì wà lọ́la. Ẹni tí yóò kà á ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.